Ìyá Alátùpà Tó Ń Dúró De Èsì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí àna mi, mo kí màmá àgbà, ìyá àna mi, tí wọ́n ń sọ kiri pé mo ti gbàgbé ilé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹni tó bá gbàgbé ilé kì í lá àlá gọ́tà iwájú ilé.

Ara mi le. Yàrá mi kò yí padà: bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Tí ẹni tó ń gbé lókè bá ń wẹ̀, èmi náà máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe. Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ fáwọn aládùúgbò pé èmi ni mò ń ṣe géèmù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Àwọn tó ń ṣe é wà lókè. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ là ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń fi ẹni inú géèmù rọ́ lu ògiri, bóyá ògiri kan á gbà kó kọjá. Tí mo bá rí àbùkù, mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Wọn ò tíì fún mi níwèé pé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn gidi. Wọ́n ní tí iṣẹ́ apá kejì géèmù náà bá parí, àwọn á mọ ẹni tí àwọn á mú àti ẹni tí àwọn á ní kó máa lọ.

Apá kejì yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ rántí géèmù arìnrìn-àjò tí a jọ fi ṣeré títí tó fi parí nígbà tí oyún Ológìnní wà nínú yín, tí ẹ ń fi ikùn gbé páàdì tí a fi ń darí rẹ̀: èyí tí èèyàn á di ẹlòmíràn nínú rẹ̀, tí yóò yan iṣẹ́, tí yóò di ẹrù, tí yóò máa lọ láti ìlú dé ìlú, tí á máa bá oníkálukú sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ọ̀gá wa ní ká bi àwọn tó ti fi ti àkọ́kọ́ ṣeré ní ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú èyí tó ń bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi ọ̀rẹ́ wọn. Èmi ò mọ ẹni tó mọ géèmù yẹn tó yín. Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ológìnní ńkọ́? Ṣé ó ti ń fọhùn?

Èmi àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Àbúrò mi, Ẹsẹ̀-kò-gbélé,

Lẹ́tà rẹ dé, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. Màmá àgbà ní tí o bá ń lá àlá gọ́tà, kí o wá kó o, torí ó ti kún.

Má bínú pé mi ò pè, lẹ́tà ni mò ń kọ. O mọ ilé yìí, ògiri rẹ̀ kò nípọn. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní yàrá, màmá àgbà á máa dá mi lóhùn láti pálọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nínú apá kejì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí arìnrìn-àjò yẹn lè jókòó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Ó gbé idà, ó gbé òòlù alágbẹ̀dẹ, ó gbé ìkòkò lé e, kò làágùn. Ẹ jẹ́ kí ẹrù máa wúwo. Èmi tí mò ń gbé aṣọ kọ́tìnì àwọn oníbàárà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ̀yìn mi ń sọ ọ́ fún mi. Ẹ sì bá mi bi ẹni tó ń ránṣọ fáwọn obìnrin inú rẹ̀, ṣé aṣọ tán lọ́jà ni? Ọkùnrin wọ irin láti ọrùn dé kókósẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ ń lọ sójú ogun, ìdodo rẹ̀ wà níta. Aránṣọ ni mí, mo mọ aṣọ tí kò tó.

Alápatà tí mo bá wá ewúrẹ́ rẹ̀ rí nínú igbó ńkọ́? Mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, “Àlejò, káàbọ̀.” Àlejò bí ti báwo? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rántí oore. Ẹ sì jẹ́ kí èèyàn lè dá géèmù náà dúró níbikíbi, kó padà bá a bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́, ó dájú pé kò bímọ, kò sì gbé nǹkan kaná rí.

Èyí tí mo fẹ́ jù ni mo fi sẹ́yìn. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

O bi mí bóyá Ológìnní ti ń fọhùn. Ó máa ń sọ “omi” fún mi, ó máa ń sọ “rárá”, ó tán. Tí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kò ní sọ ìyẹn náà. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀gá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní ká mú un wá lóṣù Kẹfà. Tí kò bá lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, àwọn ò ní gbà á, ká mú un lọ sí ilé ìwé àwọn adití lópin ìlú. Ọmọ mi kì í ṣe adití. Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é, ó ní kí n ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu mi kò sinmi. Mò ń ránṣọ, mò ń sọ̀rọ̀. Mò ń fọ abọ́, mò ń sọ̀rọ̀. Tí aládùúgbò bá wọlé, èmi ni mo máa ń bá a kí wọn: “Ó ní ẹ káàárọ̀, mà. Ó ní ẹ kú iṣẹ́.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Màmá àgbà kì í rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ èèyàn kí, ilé ló ti kọ́ ọ. Ìwọ náà, tí mo bá gbé fóònù sí i létí, wàá ní, “Hẹ́lò, hẹ́lò, ó ti já,” wàá sì pa fóònù. Mi ò dá ọ lẹ́bi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òwú já lẹ́nu ẹ̀rọ mi. Mo dá ẹ̀rọ dúró kí n lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ padà, ni mo bá gbọ́ ohùn ọmọdé lẹ́yìn mi. Mo rò pé ọmọ aládùúgbò ló wọlé, mo fi igun ojú wo ẹ̀yìn. Ológìnní ni. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, páàdì wà lórí itan rẹ̀, ó ń bá Ìyá Alátùpà sọ̀rọ̀. O rántí rẹ̀, obìnrin tó ń ta àtùpà lẹ́nu afárá, tó máa ń ní, “O kú ìrìn. Kí lò ń wá?” Ọmọ mi ní, “Kí lẹ ń tà?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àtùpà yẹn pupa. Ó sọ fún un pé bàbá òun ní bàtà tuntun, pé ó máa ń dún. Òótọ́ ni, ó máa ń dún. Mi ò yíjú padà. Mo di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni tó di ẹyin mú. Ariwo ẹ̀rọ mi ló ti ń bo ohùn rẹ̀, mi ò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, Ìyá Alátùpà ni mo fẹ́. Ẹ má pa á, ẹ má gbé e kúrò lẹ́nu afárá, ẹ má fi nǹkan kún un, ẹ má yọ nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ ṣe wọ́n bó ṣe wù yín. Kódà, obìnrin ojú ogun yẹn lè máa fi ìdodo jagun lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mi ò tíì rí èsì yín, àmọ́ ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè dúró. Ẹ kú orí ire àbúrò yín.

Mo rí àbùkù kan tí kò sẹ́ni tó rí i láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe apá kìíní. Ẹ rántí Ìyá Alátùpà ẹnu afárá? Gbogbo àwọn èèyàn inú géèmù náà, tí ẹ ò bá dá wọn lóhùn, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, tàbí kí wọ́n bínú, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí yín. Òun nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kí yín tán, ó parí, á kàn máa wò yín. Gbogbo ayé rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kó sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kàn gbàgbé láti so ó mọ́ ọn lẹ́nu ni.

Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní orúkọ mi á wà lára àwọn tí wọ́n á mú. Wọn ò ní jẹ́ kí àbùkù yẹn dé apá kejì, wọ́n á sì tún ti apá kìíní náà ṣe. Á dé orí ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá rí i, kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ẹ bá mi kí Ológìnní.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O kú orí ire. Ìgbà tí ò ń kọ ọ́, tèmi ti wà lọ́nà. Tí o bá ti kà á báyìí, o ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ti dé ibí. Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá kí òun tún géèmù ṣe, bàbá Ológìnní sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, torí “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa ń tẹ̀ sí gbogbo nǹkan. Ológìnní rìn lọ sẹ́nu afárá. Ìyá Alátùpà kí i. Ọmọ la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, obìnrin yẹn ní, “Ṣé o ò gbọ́ ni? Ra nǹkan, tàbí kí o kọjá.”

Ọmọ mi wò mí. Ó gbé páàdì sílẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ì bá sàn. Láti ìgbà náà, kò sọ nǹkan kan níwájú tẹlifíṣọ̀n mọ́, kò sì sọ “omi” mọ́. Ó ń tọ́ka.

Mo bẹ̀ ọ́, padà lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé kì í ṣe àbùkù. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ wà nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ sí kò rọrùn. Mo ṣì ń bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Mi ò rí èsì. Èmi ni mo wá di Ìyá Alátùpà báyìí: mo ti kí ọ, mo dúró, mò ń wo ojú ọ̀nà.

Tí o bá ń bínú, bínú sórí ìwé kí n lè rí i kà. Bí iṣẹ́ ni, sọ fún mi pé iṣẹ́ ni.

Màmá àgbà mú ìbátan wọn kan wá, bàbá kan tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́. Ó ní àgídí ló ń ṣe ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Ológìnní, ó ní, “Ní káàsán. Ní káàsán, sà. Mo ní kí o ní káàsán.” Ológìnní wọ abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ibi tó ti gba orúkọ ológìnní náà nìyẹn. Mo ní, “Ó ní ẹ káàsán, sà.” Bàbá náà ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀.

Oṣù Kẹfà kò jìnnà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má bínú. Kì í ṣe ìbínú. Mi ò fẹ́ kọ̀wé lọ́wọ́ òfo ni.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo sọ ọ̀rọ̀ Ológìnní fún un, mi ò fi nǹkan pamọ́. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó ní ó dun òun nítorí ọmọ náà, àmọ́ àbùkù ni àbùkù ń jẹ́. Tí àwọn bá fi ọ̀kan sílẹ̀ torí ọmọ ẹnì kan, wọ́n á ní kí àwọn fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí ṣé mo fẹ́ sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ohun tí mo rí kì í ṣe àbùkù. Mo ní mo fẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n ti tún un ṣe tán. Láti ọjọ́ náà, kò tíì dárúkọ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n á mú. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé ni. Mi ò bi í.

Mo ṣe ohun kan tó kù. Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń fi géèmù náà ṣeré ti máa ń kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú apá kejì, ẹnikẹ́ni ló lè kọ níbẹ̀. Mo kọ àwọn tiyín: ìjókòó, ẹrù, aṣọ, oore alápatà. Ti aṣọ yẹn pa àwọn obìnrin lẹ́rìn-ín púpọ̀, wọ́n ti ń jà fún un. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan, ó kéré tán, máa dúró de èsì. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun náà máa ń lọ dúró lọ́dọ̀ obìnrin yẹn nígbà tí ilé bá dá jù fún òun. Ẹlòmíràn ní òun náà. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó wà lókè á gbà. Ẹ má gbójú lé e.

Mo ṣí ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, mo tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: “Ó máa ń kí arìnrìn-àjò. Kì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Kì í bá arìnrìn-àjò dáhùn. Kì í yíjú. Ó ń wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀ títí ẹni náà á fi ṣe nǹkan.” Èmi ni mo kọ ọ́. Kò jọ àbùkù lójú mi mọ́.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Àbúrò mi, Ẹsẹ̀-kò-gbélé,

O ṣeun. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ kí nǹkan mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo ka ohun tí o kọ sí ọ̀gá rẹ, mo dé ibi “kì í bá arìnrìn-àjò dáhùn”, mi ò lè kọjá ibẹ̀. Mo wo ara mi. Nínú ilé yìí, ta ló ń dúró? Èmi á bi í bóyá ebi ń pa á, èmi á dáhùn, èmi á tún gbé oúnjẹ wá. Dókítà ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀. Kò ní kí n máa bá a dáhùn. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, mo kún gbogbo yàrá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ríbi jókòó sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Má rò pé ó rọrùn. Mo bi í ní àárọ̀ pé aṣọ wo lo fẹ́ wọ̀, mo di aṣọ méjì mú, mo ń wò ó. Lọ́jọ́ kìíní, ó tọ́ka. Mi ò bá a sọ orúkọ aṣọ náà. Ìyàwó ilé kejì wọlé wá gba kọ́tìnì rẹ̀, ó kí Ológìnní, ó sì yíjú sí mi kí n bá a dáhùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ó lọ sọ níta pé mo ti ń gbéra ga. Màmá àgbà ní ìyá ti kó àrùn ọmọ. Bàbá Ológìnní ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, òun ò tíì rí irú àlàáfíà báyìí nínú ilé láti ìgbà tí òun ti gbé mi níyàwó. Mo máa san án fún un.

Nígbà tó yá, mo tún di aṣọ méjì mú. Ó ní, “Èyí tó ní àpò.” Mo wọ̀ ọ́ fún un. Mi ò pàtẹ́wọ́. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ ilé ìwé pé. Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé kéré, fáànù ń yí, àpótí ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá wo Ológìnní látòkè awò ojú rẹ̀, ó bi í ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ ń wo fáànù. Bàbá rẹ̀ wúkọ́. Bàtà rẹ̀ dún. Orúkọ náà ti wà lórí ahọ́n mi, ó ń ta mí. Ọ̀gá fẹ́ tún un sọ, mo sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tún un sọ. Ó ti gbọ́. Ẹ kàn máa wò ó.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n ó gbé kálámù sílẹ̀, ó wo ọmọ. A ń gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ níta. Ó gbálẹ̀ títí ó fi kọjá fèrèsé.

Ológìnní wo orí tábìlì. Ó ní, “Kí lẹ ń tà?”

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ bojú. Ọ̀gá wo tábìlì ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, “Ṣọ́ọ̀kì. Èwo lo fẹ́?” Àbúrò mi, ọ̀gá ilé ìwé yẹn wá dúró de èsì, láìsí ẹni tó tún sọ fún un. Ó pẹ́ kí Ológìnní tó ní, “Pupa.” Ọ̀gá fún un.

Kò sọ orúkọ rẹ̀ títí a fi jáde. Mo béèrè pé orúkọ ńkọ́. Ọ̀gá ní orúkọ wà nínú fọ́ọ̀mù, òun lè kà á. Wọ́n gbà á fún táàmù kan ná, wọ́n ní àwọn á máa wò ó. Mo ní kí wọ́n máa wò ó, ohun tó fẹ́ náà nìyẹn.

Kì í lọ sẹ́nu afárá mọ́. Ó máa ń gba ẹ̀yìn ọjà, kó má bàa pàdé Ìyá Alátùpà. Tí wọ́n bá dá ìdákẹ́ rẹ̀ padà fún un ní apá kejì, jẹ́ kí n mọ̀. Tí wọn ò bá dá a padà, má fi iṣẹ́ rẹ jà á mọ́. O ti jà á tó.

Ohun kan ló kù. Pè wá lọ́jọ́ Àìkú. Màá gbé fóònù sí Ológìnní létí. Kí i lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dákẹ́. O ò ní gbọ́ nǹkan kan, á dà bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Má ní hẹ́lò. Má pa á. Kò já. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló wà níbẹ̀, ó ń ronú ohun tó máa bi ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.